Níbo Gan-an Ni Ìsàlẹ̀ Wà?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a wà nídìí ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ ní Kàbbà. Oòrùn mú gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń mu gàárì. Àbúrò mi kan mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní ká wá wo fídíò. Ẹni inú fídíò náà ní irọ́ ni wọ́n ń kọ́ wa níléèwé, pé ayé ò rí róbótó, ńṣe ló tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Ó ní bó bá rí róbótó lóòótọ́, ṣé àwọn tó wà lábẹ́ ò ní já bọ́ ni? Ṣé omi òkun ò ní dà nù ni? Kí n tó mọ̀, àwọn mẹ́ta ti gbè é. Ọ̀kan ní Ìwé Mímọ́ ṣáà sọ̀rọ̀ igun mẹ́rin ayé. Òmíràn ní òun ti gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́jà, òun wo ọ̀tún, òun wo òsì, òun ò rí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ̀.

Bàbá bíríkìlà tó ń ṣe iṣẹ́ náà ò dá sí i. Wọ́n ti jẹun tán, wọ́n dìde, wọ́n mú okùn wọn, èyí tí wọ́n so irin ṣóńṣó mọ́ nídìí, wọ́n ta á sí ara ògiri. Wọ́n dúró títí irin náà fi yé jó, wọ́n wá di ojú kan, wọ́n ń fi èkejì wò ó.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni okùn yìí kọjú sí?”

Wọ́n ní, “Ìsàlẹ̀ ni.”

“Ìsàlẹ̀ ibo, bàbá?”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo béèrè orúkọ ara mi. “Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ni.”

Èsì bàbá yìí ni kókó ọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ sì ni mo fi jókòó kọ èyí. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn tó wà lábẹ́ ayé á já bọ́ ti gba ohun kan gbọ́ láìfura: ó gbà pé ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, pé ibi tí òkúta ń já sí ní Kàbbà náà ló yẹ kó máa já sí ní Ọsirélíà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló ń fa nǹkan, ibi tó bá ń fà wá sí la sì ń pè ní ìsàlẹ̀. Ayé rí róbótó, nítorí náà àárín gbùngbùn rẹ̀ ló ń fa oníkálùkù sí, nǹkan bí kìlómítà 6,370 sábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ará Ọsirélíà ò dorí kodò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, sánmà wà lókè orí rẹ̀. Bó bá yọ̀ ṣubú, ilẹ̀ tó dúró lé náà ló máa ṣubú sí. Omi òkun náà ò ní ibòmíràn tó lè dà sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí okùn bàbá. Bí bíríkìlà kan bá ta okùn rẹ̀ ní Kàbbà, tí ẹlòmíràn ta tiẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, tí ògiri àwọn méjèèjì sì dúró ṣánṣán, ògiri wọn ò bára dọ́gba ní ìdúró. Bí a bá fa okùn tààrà láti ìlú kan sí èkejì, ó tó nǹkan bí kìlómítà 75. Okùn méjèèjì, àárín ayé kan náà ni wọ́n kọjú sí, nítorí náà orí àwọn ògiri yẹn fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dígírì ya síra. Ojú lásán ò lè rí i, àmọ́ ó hàn lára iṣẹ́ ńlá. Afárá kan wà ní New York tí wọ́n ń pè ní Verrazzano-Narrows, ọdún 1964 ni wọ́n ṣí i. Òpó rẹ̀ méjì ga ju mítà 200 lọ, àárín wọn sì lé díẹ̀ ní kìlómítà kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró ṣánṣán, síbẹ̀ orí wọn fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 jìnnà síra ju ìdí wọn lọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ láéláé.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ìyẹn ni pé kò sí ògiri méjì tó bára dọ́gba láyé yìí.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Àbúrò mi ò gbà. Ó ní kò sí òòfà kankan, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan, pé ohun tó wúwo ló ń wálẹ̀, ohun tó fúyẹ́ ló ń lọ sókè, ọ̀rọ̀ parí. Èyí ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn jù, torí ó jọ ohun tá à ń rí lójoojúmọ́. Mo ní kó wá ìgò rọ́bà kan. A bu omi sí i, a da epo pupa lé e, a dé e pa. Epo lé téńté sórí omi. Mo wá dorí ìgò kodò. Epo náà rọra gba ara ìgò gòkè, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nínú oòrùn, ó tún lé téńté níbi tó jẹ́ ìdí ìgò tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé ta ló sọ fún epo pé òkè ti yí padà? Wíwúwo àti fífúyẹ́ ò mọ òkè, wọn ò mọ ìsàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń tọ́ka ọ̀nà fún wọn. Òòfà ilẹ̀ fa omi ju bó ṣe fa epo tó gba àyè kan náà lọ, omi gba ìsàlẹ̀, ó sì ti epo sókè. Bí kò bá sí òòfà, kò ní sí léléfòó rárá.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Lọ́dún 1971, David Scott, ará Amẹ́ríkà tó rìnrìn àjò lọ sójú sánmà, dúró lórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jọ balẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò gba ayé róbótó gbọ́ kì í sábà gba ọ̀rọ̀ òṣùpá gbọ́. Ó dáa, ká fi òṣùpá sílẹ̀. Henry Cavendish, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ò kúrò nílé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọdún 1797 sí 1798, ó so bọ́ọ̀lù òjé kékeré méjì mọ́ etí ọ̀pá kan lọ́tùn-ún lósì, ó fi wáyà tín-ínrín gbé ọ̀pá náà kọ́. Ó wá sún bọ́ọ̀lù òjé ńlá méjì mọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí kílò 158. Ó jáde kúrò nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń fi awò wò ó láti ìta kí ooru ara rẹ̀ má baà da iṣẹ́ náà rú. Ọ̀pá náà yí. Òjé ń fa òjé, kì í sì í ṣe sísàlẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹni tó bá ní wíwúwo nìkan ló ń mú nǹkan já, kó sọ fún mi ohun tó fa òjé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó gun Òkè Patti ò purọ́, ayé ló tóbi jù ú lọ. Ẹ mú igbá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sọ pé ayé nìyẹn. Òkè Patti fi nǹkan bí mítà 400 ga ju odò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Lórí igbá yẹn, gíga rẹ̀ ò tó ìdajì sísanra irun orí kan. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dúró síbẹ̀ kó rí bí igbá ṣe tẹ̀? Ní ti igun mẹ́rin ayé, àwa náà ń sọ pé oòrùn wọ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé yàrá ló wọ̀. Ìwé Mímọ́ kan náà ló sọ nínú Jóòbù pé Ọlọ́run fi ayé rọ̀ sójú òfo.

Ní ti pé ayé ń yí, àwọn tó ní ayé tẹ́ pẹrẹsẹ ń gbọ́ kìlómítà 1,650 ní wákàtí kan, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń yí. Ọwọ́ kékeré aago ń yí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sì gbọn èèrà nù. Ohun tí yíyí ayé ń yọ kúrò nínú agbára òòfà ò tó ìdá kan nínú 280.

Ó wá ku oòrùn. Wọ́n ní ó kéré, ó sún mọ́ wa, pé gíga rẹ̀ ò ju nǹkan bí kìlómítà 5,000 lọ. Èyí ṣeé dán wò láìná kọ́bọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, oòrùn máa ń kọjá gan-an lókè orí wa ní Kàbbà, nígbà tí aago bá lu nǹkan bí 12:37. Igi tó bá dúró ṣánṣán ò ní ní òjìji rárá. Lọ́jọ́ kan náà, lọ́sàn-án gangan tiwọn, igi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 100 máa ní òjìji bíi sẹ̀ǹtímítà 9 ní Kàtsínà, àti bíi 95 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ayé róbótó tí àyíká rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 40,000, tí oòrùn sì jìnnà réré sí i, bó ṣe máa rí nìyẹn. Eratosthenes, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì ayé àtijọ́, fi irú òjìji báyìí wọn ayé ní Íjíbítì, ó ti lé ní 2,200 ọdún.

Ṣùgbọ́n ká fún wọn láyè, ká ní ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti Kàbbà sí ọ̀gangan Kàtsínà níhà àríwá jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 570. Bí gíga igi ṣe rí sí òjìji rẹ̀ ni gíga oòrùn á ṣe rí sí jíjìnnà yẹn: bí òjìji bá jẹ́ 9 nínú 100, gíga oòrùn á jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 6,300. Sí ọ̀gangan Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 4,850. Bí òjìji bá jẹ́ 95 nínú 100, gíga rẹ̀ á jẹ́ 5,100. Oòrùn kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ṣoṣo, gíga méjì. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló tẹ ìṣirò náà lórí fóònù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tẹ̀ ẹ́.

A ti fàdéhùn sí i láti wọn òjìji náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní àwọn á wọn tàwọn. Ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣe agùnbánirọ̀ ní Kàtsínà náà ti gbà. Bí kùrukùru bá bò ó lóṣù kẹrin, oòrùn á tún kọjá lókè orí wa ní nǹkan bí ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án. Àbúrò mi ló máa ri igi ti Kàbbà mọ́lẹ̀, bàbá bíríkìlà sì ti ní àwọn á mú okùn àwọn wá, kí igi náà lè dúró ṣánṣán.