Omi Ọ̀ṣun Kì í Ṣe Ti Olórìṣà Nìkan

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́: "Odò òrìṣà ni, kò kàn wá." Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Òṣogbo ni mí, mi ò bọ Ọ̀ṣun rí, bàbá tó bí mi náà ò bọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fetí ara mi gbọ́ ní ìpàdé àdúgbò wa ní Sátidé tó kọjá dùn mí wọ egungun, mi ò sì lè gbé e mì.

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa tó ń ṣàn lọ pàdé Ọ̀ṣun. Ìdọ̀tí ti dí i pa: ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ike ẹlẹ́rìndòdò, páńpáàsì ọmọdé, àpò sìmẹ́ǹtì. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, omi á bo afárá, á sì ya wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ọdọọdún la sì ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọlọ́ṣun, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń kúnlẹ̀ kí ládùúgbò wa, dìde. Ìyá ní kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé lóṣù Kẹjọ, kí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àtàwọn ọlọ́ṣun para pọ̀, kí kálukú mú ọ̀dọ́ tirẹ̀ wá, ká fi ọjọ́ kan gbá odò náà mọ́. Ìyá tún ní ká kọ lẹ́tà kan tí gbogbo olórí ẹ̀sìn máa fọwọ́ sí, ká gbé e lọ bá ìjọba nítorí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ka iye ọkọ́ àti bàrò tí a ní nílé.

Ìyá ò tíì jókòó tán tí alàgbà ìjọ kan fi dìde. Ó ní òun ò lè kó ọmọ Ọlọ́run lọ máa tún ojúbọ ṣe. Mo yíjú sápá ọ̀dọ̀ tiwa, mo rò pé wọn ó dá a lóhùn. Ẹni tó ṣojú mọ́ṣáláṣí ní òótọ́ lalàgbà sọ, pé ẹni tó bá bá abọ̀rìṣà tọ́jú odò rẹ̀ ti bá a bọ ọ́ nìyẹn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá fa gèlè rẹ̀ gún, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìpàdé fi parí. Wọ́n bọ́ sórí owó ọlọ́dẹ.

Ẹ gbọ́ ná. Àwọn ọ̀rá tó dí odò yẹn, ṣé ilé ọlọ́ṣun ni wọ́n ti wá? Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe sàárà á ra píọ̀wọ́tà lápò lápò, á pín in fún àwọn tó wá kírun, a ó mu ún tán, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí la ó jù ú sí. Lóṣù ààwẹ̀, ọ̀rọ̀ ike ìṣínu ò ṣeé sọ. Ìjọ tó bá ṣe ìsọjí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dé pápá yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ wo iye pákì ìrẹsì tó ń fò káàkiri. Òjò ló ń gbá gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà, gọ́tà á gbé e fún odò. Àwa là ń sọ odò di ààtàn, àwa náà la wá ń sọ pé ẹ̀sìn wa ò gbà ká palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ta ló tiẹ̀ sọ pé àwọn ọlọ́ṣun nìkan ló ni omi náà? Láti ilẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó gba ọ̀dọ̀ wa, ó gba Ẹdẹ, ó ń lọ títí tó fi dé ọ̀sà lápá Lẹ́kí. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ìsédò Aṣéjìrẹ́ tí omi ẹ̀rọ yín ti ń wá, orí Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Omi náà làwọn kan ń fi ṣe àlùwàlá níbẹ̀, òun làwọn kan ń fi po ẹ̀kọ fún ọmọ kí wọ́n tó lọ sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ẹ̀sìn wo lo ń ṣe.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀, tó bá dúró létí rẹ̀ báyìí, omi tó pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ló máa rí. Wúrà ló fà á. Lágbègbè Iléṣà àti Àtàkúnmọ́sà, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń fọ erùpẹ̀ náà nínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọ Ọ̀ṣun, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ló sì ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Irú iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n ti máa ń lo mẹ́kúrì láti fi kó wúrà jọ, májèlé tí ojú kì í rí nínú omi, tí sísè kì í sì í mú kúrò. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún má mu omi náà. Omi tí àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ti ń bù mu láti ayébáyé! Mi ò gbà gbọ́ pé odò ń fúnni lọ́mọ, Ọlọ́run ló ń fúnni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń wá ọmọ tó wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu májèlé mu, ẹni tí èyí ò bá ká lára, kí ló ń bẹ Ọlọ́run fún?

Àwọn tí a ń sá fún yìí, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ wọn. Igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin. Létí ìlú tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ti di páànù àti sìmẹ́ǹtì, igi ńlá ṣì dúró níbẹ̀, ọ̀bọ ṣì ń fò. Ẹ kúrò nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ wọ inú rẹ̀, ara yín á sọ fún yín. Èèwọ̀ ló dá a sí: a kì í gégi níbẹ̀, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í pẹja. Nígbà tí wọ́n ti ń gé e, tí wọ́n ń fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe oko, àwọn olórìṣà àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó tẹ̀lé Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló dúró tì í. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ní 2005 UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Igi yìí ló ń di ilẹ̀ mú nígbà òjò ńlá. Òjò náà ò sì tún rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ nígbà kan mọ́, gbogbo ẹni tó ń dáko ló mọ̀. Mọ́ṣáláṣí wo ló ní igbó tó tó ìlàrin rẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì wo? Bí a bá ra ilẹ̀ báyìí, katakata la kọ́kọ́ ń gbé wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe pé ìwé wa ò sọ ọ́. Nílé kéwú, wọ́n kọ́ wa pé Ànábì ní ká má fi omi ṣòfò lójú àlùwàlá, kódà bí a bá wà létí odò tó ń ṣàn. Bíbélì ní Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Póòpù Francis kọ̀wé sí gbogbo ayé ní 2015 pé omi tó ṣeé mu jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ẹ̀dá. Kútúbà kan lórí èyí, kan péré, mi ò tíì gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí wa.

Mo sì mọ ìdí tó fi le. Àwọn tó ń wa wúrà yẹn kì í ṣe kèfèrí. Wọ́n ń kírun, wọ́n ń san ìdá mẹ́wàá, owó wọn ń wọ inú ìkọ́lé Ọlọ́run. Ta ló fẹ́ dìde lórí mínbárì kó bi Alhaji tó jókòó ní sáàfù iwájú pé ibo lowó yìí ti wá? Àwọn olórí ẹ̀sìn nìkan ló lè bi í kó sì gbọ́, nítorí ìjọba ti sọ̀rọ̀ títí, ohùn ti há.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí iṣẹ́ náà lápá Iléṣà. Kì í pa ìrun jẹ. Mo pè é lẹ́yìn ìpàdé yẹn, mo bá a sọ̀rọ̀ gidi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Àǹtí mi, òótọ́ lẹ sọ. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lọ́la, iṣẹ́ wo lẹ ní fún mi?" Mi ò ní ọ̀kankan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé lẹ́tà tí Ìyá ní ká kọ, bí gbogbo ìmáàmù àti pásítọ̀ Òṣogbo bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ló máa sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Mo lọ bẹ Ìyá nílé. Wọ́n ní kò sí wàhálà, àwọn á kó àwọn ọmọ tiwọn lọ síbi odò náà, pé bí mo bá ráàyè kí n yọjú. Mo máa lọ, tèmi ti hìjáàbù mi. Mo ti sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wa náà. Àwọn méjì kan ní àwọn á rò ó, ìyókù ò fèsì.