Omi Kì í Ba Ààwẹ̀ Jẹ́, Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Lo Oògùn Rẹ̀

Lọ́jọ́rú Eléérú tó kọjá, ọjọ́ tí wọ́n ń fi eérú sàmì síwájú orí wa láti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Mísà ni. Ìyá àgbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó yọ ike omi nínú báàgì rẹ̀, ó sọ hóró oògùn méjì sẹ́nu. Kó tó gbé omi mu, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ké sí i: “Màmá, ẹ ti ba ààwẹ̀ yín jẹ́ o!” Ìyá náà tu oògùn sí àtẹ́lẹwọ́. Eérú ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ojú tì í.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un sọ: pé omi tó bá kan ọ̀fun ti sọ ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì di asán, pé bí ẹnu bá ṣe gbẹ tó ni àdúrà ṣe ń gbà tó, pé aláìsàn tó lo oògùn kò nígbàgbọ́. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà.

Ẹ lọ wo ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983. Òfin 1251 sọ pé ọjọ́ méjì péré ni ààwẹ̀ pọn dandan lọ́dún: Ọjọ́rú Eléérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere. Òfin 1252 tún sọ ẹni tó kàn: ẹni tó ti pé ọdún 18, títí dìgbà tó bá pé 59. Ìyá tí wọ́n kàn lábùkù yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òfin ti yọ̀ǹda rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìfẹ́ Ọlọ́run ló ń mú un gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Póòpù Paul Kẹfà ṣàlàyé rẹ̀ ní February 17, 1966: oúnjẹ àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kéèyàn sì lè fi nǹkan díẹ̀ panu láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí oúnjẹ bá láyè báyìí, omi ni yóò wá di ẹ̀ṣẹ̀?

Mo gbà pé òfin 1251 kò dárúkọ omi. Ṣùgbọ́n Ẹni Mímọ́ Thomas Aquinas, ọ̀mọ̀wé ńlá nínú ẹ̀kọ́ Ìjọ, ti bi ìbéèrè yìí gan-an láti nǹkan bí ọdún 1270, ó sì dáhùn pé oúnjẹ ni Ìjọ ní ká yẹra fún, ohun mímu kì í ba ààwẹ̀ Ìjọ jẹ́. Kódà ààwẹ̀ wákàtí kan tó ṣáájú gbígba Ara Olúwa, ìyẹn Kọmúníọ̀n, òfin 919 ní omi àti oògùn kò bà á jẹ́. Ó tún yọ àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn kúrò nínú rẹ̀.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. Kó tó di 1953, ẹni tó bá fẹ́ gba Ara Olúwa kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru, omi pàápàá. Ìyá ìyá mi ń sọ ọ́ fún wa, pé àwọn kì í fẹ́ẹ́ fi omi yọ ẹnu láàárọ̀ kó má lọ yọ́ wọ ọ̀fun. Póòpù Pius Kejìlá ló yí ti omi padà lọ́dún náà. Àwa la ṣì ń gbé e kiri, tí a wá gbé e ka orí Lẹ́ǹtì.

Wọ́n á ní Ẹ́sítérì inú Bíbélì kò jẹ, kò mu, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ewu ikú ló wà lórí gbogbo ìran rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ di òfin Lẹ́ǹtì. Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa kì í mu omi látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Ràmàdáánì, síbẹ̀ Kùránì yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó sún tirẹ̀ síwájú.

Ìyá tèmi ló jẹ́ kí n máa bínú báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Lẹ́ǹtì ọdún kan, bí a bá gbé oògùn fún un láàárọ̀, á gbà á, á dúpẹ́, á sì rọra so ó mọ́ etí ìró. Ọjọ́ Ẹtì Rere, a ń ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú, a dé ibùdó kẹsàn-án, níbi tí Jésù ti ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo wa kúnlẹ̀. Nígbà tí a dìde, ìyá mi kò lè dìde. Nílé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n ń tú ìró rẹ̀, mo ka hóró oògùn mẹ́rìnlá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbé ife mọ́ títí tó fi kú. Fádà tó wá fi òróró yàn án bi í pé, “Ìyá, ta ló ní kí ẹ má lo oògùn?” Kò lè fọhùn.

Èmi ṣì ń gbààwẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń jẹun ẹ̀ẹ̀kan, mo ń mu omi dáadáa, owó oúnjẹ ọ̀sán mi ń lọ fún ẹni tí kò ní, gẹ́gẹ́ bí Aísáyà orí 58 ṣe wí. Ara mi fúyẹ́, ọkàn mi pa rọ́rọ́, mo lè ka rosárì parí láìsí pé èrò mi ń ṣáko. Ẹni tí òùngbẹ ń fọ́ lórí, orí fífọ́ náà ni yóò máa rò. Ẹni Mímọ́ Benedict, tó kọ òfin fún àwọn mọ́ńkì, tiẹ̀ pàṣẹ pé mọ́ńkì tó bá fẹ́ fi nǹkan kún Lẹ́ǹtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún olórí ilé kó tó ṣe é, nítorí èyí tó bá ṣe láìgbàṣẹ, ìgbéraga ni yóò kà sí.

Mo jókòó ti ìyá yẹn lórí bẹ́ǹṣì. Oògùn náà ti ń yọ́ sí i lọ́wọ́. Mo ṣí ike omi, mo ní, “Màmá, ẹ lò ó, òfin kò mú yín.” Ó wo ẹ̀yìn bóyá ọmọkùnrin náà ti lọ, ó sì gbé e mì.