Ẹ Má Sọ fún Mi Pé Òwò Ni

Ẹni tó bá tún wí fún mi pé "òwò ni" lórí bí ẹgbẹ́ wa ṣe fi Brad Marchand, eléré họ́kì orí yìnyín, fún ẹgbẹ́ mìíràn, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa wọ̀ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ títí etí mi fi kún. Òwò wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń fa balógun ilé rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́, tó tún wá ń pè é ní òwò?

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni, ọjọ́ tí gbèdéke pàṣípààrọ̀ eléré pé nínú NHL, líìgì họ́kì Amẹ́ríkà àti Kánádà. Boston Bruins tiwa mú kápútéènì wọn, wọ́n fi fún Florida Panthers. Florida o! Àwọn tó lé wa kúrò nínú ìdíje Ife Stanley, ife tí ẹgbẹ́ tó bá borí nínú líìgì máa ń gbà, ní 2023, ọdún tí a borí nínú eré 65, tí ẹgbẹ́ kankan ò ṣe irú ẹ̀ rí nínú sáà kan ṣoṣo. Àwọn náà ló tún lé wa ní 2024. Ní 2024 yẹn, Sam Bennett tiwọn kọlu Marchand débi pé kò lè jáde nínú eré méjì tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa la fi Bennett bú. Ọdún kan ò tíì pé, Marchand àti Bennett ti jọ ń wọ jẹ́sì kan náà.

Kí la gbà padà? Ẹ̀tọ́ láti yan ọmọdé kan lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń yan ọ̀dọ́ eléré tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ orúkọ rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má ṣì jókòó sí kíláàsì bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bóyá ẹ ò mọ ẹni tí mò ń sọ. Ọkùnrin kúkúrú, nọ́ńbà 63. Lọ́dún 2006 tí wọ́n ń yan àwọn ọ̀dọ́, èèyàn 70 ni wọ́n pè kó tó kan òun. Nígbà tó di 2011, nínú eré keje, èyí tó kẹ́yìn nínú àṣekágbá, tí a bá Vancouver gbá ní ilé wọn, òun ló jẹ góòlù méjì nínú mẹ́rin tá a fi gba Ife. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù kórìíra ẹ̀ bí ìgbẹ́, ìdí tí a fi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 2018, ó yọ ahọ́n, ó fi lá ojú alátakò rẹ̀ lórí yìnyín, líìgì fi pè é pé kó jáwọ́ nínú ìwàkíwà yẹn. Mo gbè é lẹ́yìn! Èmi àgbàlagbà, mo jókòó mò ń wá àwíjàre fún ẹni tó ń lá ojú ọmọlọ́mọ. Ohun tí ìfẹ́ ẹgbẹ́ yìí sọ mí dà nìyẹn, ẹnì kan wá ń ṣàlàyé òwò fún mi.

Wọ́n ní owó ni. Àdéhùn ẹ̀ fẹ́ parí, wọn ò fẹnu kò, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kó má bàa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Iye tí líìgì gbà kí ẹgbẹ́ kan ná lórí àwọn eléré kúrò ní mílíọ̀nù 88 dọ́là, ó di mílíọ̀nù 95.5 ní sáà tó tẹ̀ lé e, nítorí náà àyè wà. Mílíọ̀nù 6.125 ló ń gbà lọ́dún lọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ iye tó gbà ní Florida? Mílíọ̀nù 5.25. Ó dín! Lóòótọ́, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fún un, ọdún mẹ́fà sì pọ̀ fún ẹni ọdún 37, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá eré 1,090 fún yín, ṣé òun lẹ ó wá máa fi ọdún há mọ́?

Nígbà tó di oṣù Kẹfà, Florida na Edmonton, wọ́n gba Ife. Góòlù mẹ́fà ni Marchand jẹ nínú àṣekágbá nìkan. Mo wò ó bó ṣe ń gbé Ife yẹn sókè, inú mi dùn, inú sì tún bí mi pé inú mi dùn.

Kì í sì í ṣòní. Lọ́dún 2005 wọ́n fi Joe Thornton, kápútéènì wọn nígbà náà, fún San Jose, sáà yẹn náà ló gba àmì ẹ̀yẹ eléré tó dára jù lọ nínú líìgì. Zdeno Chara, kápútéènì ọdún mẹ́rìnlá, Washington ló gbà lọ ní 2020. Èyí tó dùn mí wọ egungun ni Linus Ullmark, aṣọ́lé. Tá a bá ti borí, òun àti Jeremy Swayman, aṣọ́lé kejì, á bọ́ sí àárín yìnyín pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí wọ́n dì mọ́ra, wọ́n á na apá gbàràgàdà, wọ́n á wá gbá ara wọn mọ́ra gìdìgbà. Àwọn méjì tó ń du ipò kan ṣoṣo! Mo máa ń dúró wo ìyẹn kí n tó paná tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n fi Ullmark ránṣẹ́ sí Ottawa. Ìgbámọ́ra parí.

Wọ́n á ní kí n fẹ́ràn orúkọ ẹgbẹ́ tó wà níwájú jẹ́sì, kí n fi ti eléré tó wà lẹ́yìn sílẹ̀. Orúkọ ẹ̀yìn yẹn kọ́ lẹ gba àfikún owó lé lórí nígbà tí mo ra tèmi? Àwọn tó tà á fún mi ti ń fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ pé wọ́n ti já owó lórí tuntun "fún ojúlówó olólùfẹ́". Ojúlówó! Nígbà tí Florida sì wá sí Boston ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n ṣe fídíò ìdúpẹ́ fún Marchand, gbogbo gbọ̀ngàn dìde pàtẹ́wọ́. Ṣé fídíò ni mo ní kí wọ́n ṣe?

Ó wá ku David Pastrnak, ajẹgóòlù wa. Àdéhùn ẹ̀ di 2031. Kí wọ́n dán an wò kí wọ́n fọwọ́ kan ìyẹn.