Ta Ló Sọ Pé Láìsí Másítáàsì, Kò Sí PhD?

Mo ti sọ fún ara mi pé n ò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Àfi bí a ṣe dé ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Iléṣà ní Sátidé tó kọjá, ní àdúgbò Ìsọ̀kùn, tí Bọ̀dá wa àgbà tún gbé e dé.

Ọmọ àbúrò mi ló wá kúnlẹ̀ kí wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni, Microbiology ló kà, 4.41 nínú 5 ló fi jáde. Bọ̀dá bi í pé kí ló wá kàn. Ó ní òun fẹ́ wá ilé ìwé tí òun á ti ka PhD ní Amẹ́ríkà. Bọ̀dá rọra gbé egungun ewúrẹ́ ọwọ́ wọn kalẹ̀ sórí àwo.

"PhD bí báwo? Másítáàsì ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ìwọ ọmọ yìí. Lọ ṣe Másítáàsì ná, kí ojú ẹ là."

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ kánópì ń mi orí. Ìyá kan tí n ò tiẹ̀ mọ̀ rí ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà." Ọmọ náà gbójú wò mí.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ìwọ náà kọ́ lo ṣe Másítáàsì kó o tó lọ?"

Èmi ni. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Másítáàsì ni dìgírì kejì, PhD ni èyí tí wọ́n fi ń di ọ̀mọ̀wé. Ní Amẹ́ríkà, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀, pàápàá sáyẹ́ǹsì, dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé fún PhD. Wọn ò fi ṣe ojúrere fún ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe àwọn olórí pípé nìkan ló wà fún. Òfin ìgbaniwọlé ni. Mo fi àtàǹpàkò tí epo ìrẹsì ṣì wà lára rẹ̀ ṣí fóònù mi níbẹ̀, mo wá Yunifásítì California ní Berkeley jáde, mo sì nà án sí Bọ̀dá: dìgírì àkọ́kọ́ tàbí èyí tó bá a dọ́gba, àti máàkì tí kò rẹlẹ̀ ju 3.0 nínú 4 lọ. Bọ̀dá wá gíláàsì wọn títí, wọn ò rí i. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á. Wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì ni ìyẹn.

Ohun tí kò yé àwọn èèyàn wa ni pé PhD ti ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Níbí, ẹni tó bá wọlé PhD, iṣẹ́ ìwádìí ló kúkú wá ṣe. Inú Másítáàsì ló ti jókòó gba ẹ̀kọ́ kíláàsì tán. Nítorí náà ló ṣe sábà máa ń jẹ́ dandan nílé. Lọ́hùn-ún, ọdún kan àbọ̀ sí méjì àkọ́kọ́ PhD, kíláàsì ni. Wàá gba ẹ̀kọ́, wàá kọ àṣàrò, wàá ṣe ìdánwò ńlá kan tí oorun ò fi ní kun ojú ẹ fún oṣù méjì. Bó o bá yege ni wọ́n tó máa kà ọ́ sí ẹni tó lè dá ìwádìí ṣe. Inú ikùn PhD ni Másítáàsì wà. Bí a bá wá ní kí ọmọ lọ ra a lọ́tọ̀ kó tó lọ, ṣé ẹni tó ra ẹyin nìkan kọ́ la fẹ́ sọ ọ́ dà níwájú ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní adìẹ tòun tẹyin?

Tèmi wá ńkọ́? Ọdún 2010 ni mo jáde ní Ifẹ̀, ẹ̀ka kẹ́mísírì. Bí mo ṣe sìnlú tán, olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ní kí n má dán an wò láìsí Másítáàsì, pé wọn ò ní wo fọ́ọ̀mù mi lẹ́ẹ̀mejì. N ò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ta ni mí tí màá fi yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò? Mo gba fọ́ọ̀mù ní yunifásítì kan tí n ò ní dárúkọ. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oṣù Kìíní 2012 ni mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi kà á. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ bà jẹ́, ó di oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó rí ẹni tún un ṣe. Ìyanṣẹ́lódì ọdún 2013 dé, láti oṣù Keje títí wọ oṣù Kejìlá, gbogbo orílẹ̀-èdè ló kàn. A wọlé padà, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ mi rìnrìn àjò. Orí Kẹta iṣẹ́ mi wà lórí tábìlì rẹ̀ láti ìgbà Ọdún Àjíǹde títí di ìgbà iṣu tuntun. Lọ́jọ́ tí mo gbà á padà, kò sí àmì bírò kan ṣoṣo lára rẹ̀, àfi òbìrìkìtì àmì ìdí ife tíì lójú ewé àkọ́kọ́. Mo ṣì ní ìwé náà. Nígbà tí mo fi máa gbèjà iṣẹ́ mi, 2015 ti wọlé. Ọdún mẹ́ta ó lé. Àwọn baba wa ní a kì í fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la fẹ́ bu ènìyàn jẹ?

Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni mo dé Amẹ́ríkà. Ní kíláàsì àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan láti Ohio ló jókòó tì mí, ọmọ ọdún méjìlélógún, ìrùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún. Mo rò pé ó ṣìnà ni, mo fẹ́ júwe kíláàsì àwọn kékeré fún un. Ó ní rárá, PhD lòun wá ṣe. Oṣù Karùn-ún tó ṣáájú ló gba dìgírì àkọ́kọ́. Ká tó ní torí pé ọmọ onílùú ni, ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn wà ní ìlà ẹ̀yìn. Àgùnbánirọ̀ ló ti kúrò, ó gba fọ́ọ̀mù, ó dé. Kò ní Másítáàsì kankan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n ò lè jẹun.

Mo kó ìwé Másítáàsì mi lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka, pé bóyá wọ́n á dín kíláàsì kù fún mi. Ìyá tó wà níbẹ̀ ṣí i láàárọ̀, ó dá mi lóhùn ní ọ̀sán: kíláàsì méjì péré ni wọ́n lè yọ. Ọdún mẹ́ta ó lé nílé, kíláàsì méjì. Ìdánwò ńlá, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa ṣe é, èmi, ọmọ Ohio, àti ọmọ Ìbàdàn. Nígbà tí a yege, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n wá gba ìwé ẹ̀rí Másítáàsì, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní èmi ti ní irú rẹ̀, kò pọn dandan. Ọmọ Ohio parí ní 2020. Èmi, 2021.

Kò sẹ́ni tó lè wá fi àkàbà ṣe àkàwé fún mi lẹ́yìn ìyẹn, pé dìgírì kan ò ṣeé fò kọjá.

Ti owó ló tiẹ̀ burú jù. PhD sáyẹ́ǹsì lọ́hùn-ún, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ilé ìwé ni yóò gbé owó ilé ìwé kúrò lọ́rùn ẹ, tí wọ́n á sì máa san owó oṣù fún ọ, torí pé wàá máa kọ́ àwọn tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, tàbí kó o máa ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Owó náà ò sọ ẹnikẹ́ni di olówó, ṣùgbọ́n ó ń san owó ilé, ó sì ń ra ìrẹsì. Másítáàsì ńkọ́? Àpò ara ẹni ló sábà máa ń ti jáde. Bàbá kan ní àdúgbò wa ní Ifẹ̀ ta ilẹ̀ méjì lójú ọ̀nà Ẹdẹ kí ọmọ rẹ̀ lè lọ ṣe Másítáàsì ọlọ́dún kan nílùú Òyìnbó, nítorí wọ́n ní òun ló máa ṣí ọ̀nà PhD Amẹ́ríkà fún un. Fáàsì kíláàsì ni ọmọ náà ní láti ilé! Ó padà dé, ó wá bá mi pé báwo lòun á ṣe gba fọ́ọ̀mù PhD. Mo júwe fún un. N ò lè wo ojú bàbá náà sọ pé àná ni ọmọ ẹ̀ ti lè gba fọ́ọ̀mù yìí. Wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì sí ilẹ̀ kan nínú méjèèjì.

Bí ẹ sì fẹ́ ká fi òkè òkun sílẹ̀, ẹ wo ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá, òpìtàn tí gbogbo ayé mọ̀, Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti gba BA, dìgírì àkọ́kọ́, Ifẹ̀ náà ló ti gba PhD ní 1981. Dìgírì méjì yẹn ni mo máa ń rí nínú ìtàn ayé rẹ̀, n ò rí Másítáàsì láàárín wọn. Lọ́hùn-ún náà, Richard Feynman, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1965, dìgírì àkọ́kọ́ ní MIT ní 1939, PhD ní Princeton ní 1942. Bọ̀dá ní àwọn wọ̀nyẹn, orí ni. Ó dáa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa pariwo "Jámánì ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, Jámánì sábà máa ń béèrè Másítáàsì, ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Yúróòpù náà ń béèrè rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Ẹni tí èsì rẹ̀ rẹlẹ̀, tàbí tó fẹ́ ti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, Másítáàsì lè bá a tún ojú ilé ṣe. Físà Amẹ́ríkà sì ti le lásìkò yìí, mo mọ̀. Ẹ́mbásì nìyẹn, kì í ṣe ilé ìwé. Bí ibẹ̀ bá há, Kánádà náà ní àwọn yunifásítì tó ń gbani wọ PhD tààrà láti dìgírì àkọ́kọ́, Toronto wà lára wọn.

Mo mú ọmọ náà kúrò lábẹ́ kánópì, a lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò ìrẹsì. Mo ní kó sọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ fún mi. Omi kànga ló bù ní ilé mẹ́wàá, ó ń wá kòkòrò inú rẹ̀. Iná lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ tó ń mú àwọn àwo rẹ̀ gbóná sì tutù. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó tún omi bù ní kànga mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé àkọ́kọ́ bà jẹ́. Mo ní, "Ìyẹn gan-an ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ẹ."

"Èyí tó bà jẹ́, Àǹtí?"

"Èyí tó bà jẹ́."

Torí ohun tí àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù ń wá nìyẹn: ẹni tó mọ bí ìwádìí ṣe ń dani láàmú tí kò sì parọ́. Wọ́n á wo lẹ́tà tirẹ̀, wọ́n á wo lẹ́tà àwọn olùkọ́ mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n délé délé, kì í ṣe ti ọ̀gá àgbà tí kò mọ ojú rẹ̀ nítorí oyè. Wọ́n á wo transcript, ìwé èsì gbogbo ẹ̀kọ́ tó gbà. GRE, ìdánwò ìgbaniwọlé tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ti pa á tì láti 2020. Owó fọ́ọ̀mù máa ń tó àádọ́ta dọ́là, ó máa ń kọjá ọgọ́rùn-ún níbòmíràn, ṣùgbọ́n bó o bá kọ̀wé sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ọjọ́ tó pé, àwọn kan á mójú kúrò níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá sí àárín rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá gbà á, tí wọ́n sì fún un lówó, ó ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin láti fi ronú lọ́dọ̀ àwọn ilé ìwé tó fọwọ́ sí àdéhùn ọjọ́ yẹn, wọ́n sì pọ̀. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán an lójú.

Nígbà tí a máa lọ, Bọ̀dá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Tó bá gba PhD yẹn tán, ṣé á wá padà wálé wá ṣe Másítáàsì náà?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ó dàárọ̀ o."

Láti Mọ́ńdè ni a ti ń lé transcript ọmọ náà kiri ní ilé ìwé rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá. A ti bẹ̀rẹ̀ òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.