Bọ́ọ̀lù kì í dúró pátápátá ní òkè téńté
Àwọn kan máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù tí a jù síwájú máa ń dúró pátápátá ní òkè téńté, pé òòfà ilẹ̀ ò fà á mọ́ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Eré sókè nìkan ló di òdo. Ká ní a jù ú ní 20 m/s, ní igun 30° sí ilẹ̀. Eré síwájú jẹ́ 20 cos 30°, ìyẹn 17.3 m/s, kò sì ní yí padà títí yóò fi balẹ̀, bí a bá yọ ti atẹ́gùn kúrò. Eré sókè jẹ́ 20 sin 30°, ìyẹn 10 m/s. Òòfà ń dín in kù ní 9.8 m/s ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, òkè téńté náà ò yọ sílẹ̀. Ẹ fi 9.8 pín 10: ìṣẹ́jú àáyá 1.02 ló fi dé òkè. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni pé odindi 20 ni wọ́n ń fi 9.8 pín, àkókò á wá di ìlọ́po méjì.