Corazon Aquino: ẹ má fi EDSA bo Luisita mọ́lẹ̀

Nígbà tí Corazon Aquino fẹ́ díje fún ipò Ààrẹ Filipínì ní ìparí ọdún 1985, ìyàwó ilé ni ó kọ síbi tí ìwé ti béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ninoy Aquino, ni olóṣèlú. Òun ni Ààrẹ Ferdinand Marcos, tí ó wà lórí àléfà láti ọdún 1965, tì mọ́lé fún ohun tí ó lé ní ọdún méje, òun náà ni wọ́n sì yìnbọn pa ní pápákọ̀ òfurufú Manila ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù.

Ohun tí opó yìí ṣe lẹ́yìn náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kejì ọdún 1986, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ka ìbò rí i pé èsì tí ìjọba ń kéde kò bá èyí tó wà níwájú wọn mu, ni wọ́n bá dìde nídìí iṣẹ́, wọ́n jáde. Láìpẹ́ èrò kún EDSA, títì ńlá kan ní Manila, láti kọ Marcos. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀ ogun pẹ̀lú rósárì lọ́wọ́, ọkọ̀ náà kò sì lè kọjá. Lọ́jọ́ 25 oṣù náà Aquino búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, ìyá ọkọ rẹ̀ ló di Bíbélì mú fún un. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Marcos sá. Ìdí nìyí tó fi dùn wá pé lábẹ́ ìjọba ọmọ Marcos, wọ́n yọ ọjọ́ náà kúrò lára ọjọ́ ìsinmi ọdún 2024.

Aquino kò jókòó ti ìjọba. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1987 fún Ààrẹ ní sáà kan ṣoṣo, ọdún mẹ́fà. Nígbà tí àwọn kan sọ pé òfin náà kò dè é, kò gbà, ó gbé ìjọba fún Fidel Ramos ní 1992.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni gbèsè tó fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1987, àwọn àgbẹ̀ tó ń wọ́de láti béèrè ilẹ̀ dé Mendiola, títì kan nítòsí ààfin Ààrẹ ní Manila, ìbọn dáhùn, ó kéré tán 13 ló kú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọwọ́ Aquino nìkan ni agbára ìṣòfin wà, títí di oṣù keje, nígbà tí ilé aṣòfin jókòó. Òfin tó wá jáde ní 1988 gbà kí ilé-iṣẹ́ fún àgbẹ̀ ní ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, dípò ilẹ̀. Ọ̀nà yìí gan-an ni Hacienda Luisita, oko ìrèké àwọn ẹbí rẹ̀ ní Tarlac, gbà. A mọ̀ pé àwọn ológun dìtẹ̀ mọ́ ọn léraléra, ṣùgbọ́n ọ̀tẹ̀ kọ́ ló ní kí ẹbí rẹ̀ di ilẹ̀ náà mú. Àgbẹ̀ kò lè gbin ìrẹsì sórí ìwé ṣíà. Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fi òpin sí ẹjọ́ náà, tó ní kí wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn, Aquino sì ti kú láti 2009.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ní ìrántí rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbà kí ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà kọ Mendiola àti Luisita sí orí kan náà pẹ̀lú EDSA, kí àwọn ọmọlẹ́yìn Marcos má baà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ náà yóò ti gbọ́ ọ.