Ẹṣin Saratoga àti Ẹṣin Tíráàmù

Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, ẹsẹ̀ kì í gbèrò ní Saratoga, ní ìpínlẹ̀ New York, bí wọ́n bá ń sá eré ẹṣin tí wọ́n fi sọrí ìdílé Whitney. William Collins Whitney ló ṣíwájú àwọn olówó tó ra pápá náà nígbà tó ti ń dẹnu kọlẹ̀. Ní 1901, Volodyovski, ẹṣin tí Whitney yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gba Derby, eré ẹṣin ńlá tí wọ́n ń sá ní Epsom nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn dára, àmọ́ ìtàn náà kò pé.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Whitney ni agbẹjọ́rò ìlú New York láti 1875 sí 1882, ó sì wọ̀yá ìjà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ fi gbèsè èké tú àpò ìlú. Nígbà tí Ààrẹ Cleveland fi í ṣe mínísítà fún ọmọ ogun ojú omi ní 1885, ó fi dandan lé e pé Amẹ́ríkà ni kí wọ́n ti máa rọ irin ọkọ̀ ogun. Iṣẹ́ gidi ni.

Ṣùgbọ́n ní 1886, orí àga mínísítà náà ló wà tí òun àti àwọn oníṣòwò méjì, Thomas Fortune Ryan àti Peter Widener, fi dá ilé-iṣẹ́ Metropolitan Traction sílẹ̀ láti kó tíráàmù, ọkọ̀ èrò tó ń rìn lórí irin, jọ ní Manhattan, nínú ìlú New York. Títì ìlú ni tíráàmù ń gbà; sẹ́ǹtì márùn-ún lèrò ń san. Orí owó táṣẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n to ìwé ìpín ìdókòwò lé, títí ó fi pọ̀ ju ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ní lọ. Whitney kú ní 1904. Ní 1907, gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, ilé-ẹjọ́ sì fi alábòójútó sí i. Ní òpópónà Bleecker, ẹṣin ṣì ń fa tíráàmù títí di 1917, pátákò lórí òkúta, èrò lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń sáré lábẹ́ ilẹ̀ ìlú kan náà. Ẹṣin yẹn ló ń dùn wá.

Lónìí, òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí mínísítà dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba tó kan àpò ara rẹ̀, àmọ́ ó yọ ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ sílẹ̀. A kò fara mọ́ ọn. Kí òfin náà mú wọn, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ipò sì kọ́kọ́ ta ìpín rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ tó ń jẹun lára dúkìá ìlú. Kí àwọn aláṣẹ Saratoga náà kọ ìtàn tíráàmù sínú ìwé ètò ọjọ́ eré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ẹṣin.